Irin Orí Àjà: Ọjọ́ Mẹ́rin Lẹ́yìn Ẹṣin àti Ilé Àtijọ́, Láti Lọ́kọ́jà Dé Ògìdì

Ọjọ́bọ̀

Màmá tó bí bàbá mi kì í dúró níbi tí ẹṣin bá wà. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí wọ́n bá ní ẹṣin ń bọ̀ níbi ìnáwó, tí gbogbo ọmọdé sì ń sáré lọ síta, ńṣe ni màmá máa ń dìde wọ yàrá, tí á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Màmá kò fojú rí ogun Núpé, èyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin láti Bídà, olú ìlú Núpé, fi ń kó àwọn ará wa lẹ́rú. Ìyá rẹ̀ ló fojú rí i, ó sì fi ẹ̀rù náà tọ́ ọ bí ẹni ń fi ọmú tọ́ ọmọ.

Irin kan wà ní ilé màmá ní Ògìdì. Àárín igi àjà ló wà, inú àkísà ni wọ́n dì í sí. Wọ́n ní ẹṣin Núpé kan ló kú sí ẹsẹ̀ òkè, ara rẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ irin náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe fún mi. Àwọn kan ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ẹrú ni. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ti pẹ́ tí màmá ti lọ, irin náà ṣì wà níbẹ̀.

Ọdún ń yí lu ọdún, mi ò tú àkísà náà wò rí. Nínú ọyẹ́ ọdún yìí ni mo pinnu pé n óò fi ọjọ́ mẹ́rin tọ ipa ẹṣin láti Lọ́kọ́jà wọ ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí, n óò máa wo àwọn ilé àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà, n óò sì parí rẹ̀ lábẹ́ àjà màmá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wa mọ́tò. A gbéra ní Abújá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Nígbà tí a gun afárá Jamata, ọyẹ́ ti bo odò débi pé àwọn ọkọ̀ apẹja dà bí ẹni pé inú sánmà ni wọ́n wà.

Òkè Pátí la kọ́kọ́ gùn. A jókòó títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá kí ọyẹ́ tó ká, kí odò méjèèjì tó hàn sí wa nísàlẹ̀: Odò Ọya láti apá òkè, Bẹ́núè láti ìlà-oòrùn. Àwọ̀ wọn kò dọ́gba, wọ́n sì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbà láti di ọ̀kan. Ilé ìsinmi Lugard, gómìnà òyìnbó àtijọ́, wà lórí òkè yìí, ilé olókùúta kékeré. Igi oṣè ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ tóbi ju yàrá lọ. Àwọn èèyàn ti fi ọ̀bẹ kọ orúkọ sí i lára káàkiri. Ó dùn mí gan-an. Igi tó rí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, kò yẹ ká máa há a lára.

Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa ń sọ pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì, dúró sí tó fi sọ wá ní Nàìjíríà. Èyí tó wà nínú ìwé ni pé ó kọ orúkọ náà sínú The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní, ọdún 1897. Oṣù yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, ń ti Lọ́kọ́jà rìn lọ sí Kàbà láti lọ kojú Núpé. N óò padà sórí èyí.

Oko kan wà nísàlẹ̀ òkè yìí nígbà kan rí. Mo wá àmì rẹ̀ títí, mi ò rí nǹkan kan. Lọ́dún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta gòkè odò, Albert, Wilberforce àti Soudan. Wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Igálà, wọ́n sì dá oko sílẹ̀ síbi tí odò méjèèjì ti pàdé. Èrò wọn ni pé bí àwọn èèyàn bá rí i pé owú ń mówó wọlé, wọn ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí fúnra rẹ̀, wà nínú ìrìn-àjò náà. Ibà dà wọ́n wólẹ̀. Ọ̀pọ̀ òyìnbó kú, nígbà tó sì fi máa di 1842, wọ́n ti pa oko náà tì. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni William Baikie tó wá tẹ Lọ́kọ́jà dó, ó sì mọ ìwúlò oògùn kwìnínì dáadáa kó tó gbéra. Ohun tí mo ń rò lórí òkè ni pé bí oko yẹn bá gbilẹ̀ ni, bóyá ìyá màmá ì bá má ti sá gun òkè.

A wo Irin Òmìnira ní ọgbà iléèwé Holy Trinity, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1865. Ọ̀pá irin méjì tó dúró sínú ilẹ̀ ni, níbi tí wọ́n ti ń kéde pé ẹrú di òmìnira. A gba ẹ̀gbẹ́ Lugard House kọjá, ilé gómìnà ni báyìí, a ò wọlé. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900 ni wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀ ní ìlú yìí, tí wọ́n sì fa ti ọba Gẹ̀ẹ́sì sókè. Láti ọjọ́ yẹn ni òkè ọya ti di ti ìjọba wọn.

Ibi tó mú mi dúró pẹ́ ni ìtẹ́ àwọn ẹ́míà. Ìlú yìí ni àwọn òyìnbó máa ń kó àwọn ọba tí wọ́n bá rọ̀ lóyè wá. Aliyu ti Kánò, tí wọ́n mú ní 1903, ibí ló kú sí ní 1926. Abubakar ti Bídà náà, ibí ni wọ́n gbé e wá. Abubakar yìí ló wà lórí oyè ní Bídà nígbà tí ogun 1897 dé. Ẹlẹ́ṣin tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ kò lóǹkà. Lábẹ́ àṣẹ ìdílé rẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn ará wa. Mo ti rò ó pé inú á bí mi níbẹ̀. Kò bí mi. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, ewé gbígbẹ wà lórí rẹ̀, ọmọdé kan ń darí ewúrẹ́ kọjá. Mo dákẹ́ síbẹ̀ títí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí pé, "Aǹtí, àwọn tó ni ẹṣin ń retí wa o."

Ilé ẹṣin náà wà ní ẹ̀yìn ìlú, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan ló bá wa sọ ọ́. Ẹṣin mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọdún iléyá àti ìwúyè ni wọ́n ń gùn wọ́n fún jù. Bàbá arúgbó kan ló ń tọ́jú wọn, Núpé ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kíláàsì lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ó sì rí i.

"Ẹ kú ìrìn, ìyá mi. Ẹ má dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bọ́ síwájú, kí ó lè rí yín. Ẹṣin kì í fẹ́ ohun tí kò bá rí."

Mo bọ́ síwájú. Akawali ló pe ẹṣin tó wà níwájú mi. Orúkọ tí Hausa ń pe ẹṣin dúdú nìyẹn. Okùn wà lọ́rùn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan, wọ́n sì so ó mọ́ èèkàn. Mo gbọ́ mímí rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohunkóhun mìíràn. Ó mí sí mi lọ́wọ́, mímí náà gbóná, ó sì ń rùn koríko ẹ̀pà gbígbẹ. Ojú rẹ̀ tóbi, mo rí ara mi nínú rẹ̀, mo rí bàbá lẹ́yìn mi, mo rí ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo lò láyé kí n tó fọwọ́ kan ẹṣin.

Bàbá fi gbogbo nǹkan hàn mí láì kánjú. Dúsà, èèrí ọkà, ni wọ́n máa ń bù fún wọn láàárọ̀, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i kó má baà mú wọn wúkọ́. Ewé ẹ̀pà àti pòròpórò bàbà ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án. Káún wà nínú igbá kan níbi tí wọ́n ti lè lá a. Ó gbé pátákò Akawali lé orúnkún ara rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ha ẹrẹ̀ tó gan sínú rẹ̀, ó ní bí o bá fi ẹrẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà òjò, ẹsẹ̀ á jẹrà. Ó la ẹnu abo ẹṣin kan, ó fi eyín ka ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa. Ẹṣin náà dúró gbọnyin bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wo etí rẹ̀.

Mo bi í léèrè ìdí tí ẹṣin kò fi pọ̀ nílẹ̀ tiwa. Ó ní eṣinṣin ni. Nígbà tí igbó ṣì dí, eṣinṣin kan wà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní tsetse. Bó bá ti jẹ ẹṣin, ojú ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ẹsẹ̀ á wú, á máa jẹun, síbẹ̀ á máa rù. "Bí ẹ bá mú u kọjá Kàbà lọ nígbà òjò, ẹ ti sin ín." Ìdí nìyẹn tí àwọn jagunjagun Bídà fi máa ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò bá fà, tí iná bá ti jó koríko, tí ọ̀nà sì là. Oṣù tí a wà yìí gan-an. Màmá máa ń sọ pé ìyá òun kórìíra ọyẹ́. Mo ti rò pé òtútù ló ń sá fún.

Lẹ́yìn náà ló gbé àwọn ohun èlò jáde láti inú àpótí: gàárì tí wọ́n fi awọ pupa àti dúdú bò, kẹ́sẹ́, aṣọ ìwérí alábẹ̀rẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fa ìjánu kan jáde, irin gidi, tí òrùka ńlá kan rọ̀ mọ́ ọn. Ọkàn mi fò. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn mí.

Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹnu ẹṣin, àtàǹpàkò nísàlẹ̀, ìka mẹ́rin lókè. Irin gbọọrọ wọ àárín. Ahọ́n irin kan dìde láàárín rẹ̀, ó kọjú sókè. Òrùka náà wá gba abẹ́ àgbọ̀n yí ẹnu ìsàlẹ̀ ká. "Bí o bá fa okùn báyìí, ahọ́n yìí á gbéra, á kan àjà ẹnu rẹ̀. Òrùka á fún àgbọ̀n. Bó ti wù kó máa sáré tó, á dúró lójú ẹsẹ̀, á tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jókòó. Ọwọ́ kan ni jagunjagun ń lò fún un, ọ̀kọ̀ wà ní èkejì." Ó da irin náà padà sínú àpótí. "Èmi kì í fi í sí wọn lẹ́nu. Ẹ wá wo eléyìí." Ó la ẹnu ẹṣin funfun kan tó ti dàgbà. Àpá kan wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó dán, ó fẹ̀ tó ìka mi. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló fi irú irin yẹn gùn ún.

Mo sọ ọ̀rọ̀ màmá fún un, gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́ fún àgbàlagbà Núpé nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jáde lẹ́nu mi. Bàbá jókòó lórí àpótí náà. Ó ní, "Ìyá tó bí bàbá mi, Bùnú ni. Wọ́n mú un wá ni."

Ó ní tunga kan nítòsí Bídà ni wọ́n kó o lọ. Oko ńlá àwọn ìjòyè ni tunga, wọ́n pọ̀ yí Bídà ká nígbà yẹn, àwọn tí wọ́n kó lógun ni wọ́n ń fi ro wọ́n, àwọn ará Bùnú, Yàgbà, Owé, Ìjùmú. Iṣu àti ọkà tó ń bọ́ ìlú, ibẹ̀ ló ti ń wá. Mo béèrè abúlé tí ìyá náà ti wá. Kò mọ̀ ọ́n. "Kò sẹ́ni tó bi í. Nígbà tí èmi ìbá bi í, mo kéré." Ó dìde lọ bu omi fún àwọn ẹṣin.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé ilé àlejò. Mi ò jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì

Ọ̀nà Kàbà gba Ọbàjáná kọjá. Eruku sìmẹ́ńtì àti ọyẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn, àwọn tírélà tò lọ bí ìlà èèrà. Àwọn ọmọ ogun 1897 yẹn, ìrìn ẹsẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ló gbé wọn dé Kàbà. Wákàtí méjì ni tiwa, pẹ̀lú gbogbo kòtò.

Èyí ni mo ní n óò padà sí. Àwọn ọmọ ogun bí 500 ni Goldie, ọ̀gá Royal Niger Company, kó jáde ní Lọ́kọ́jà, Hausa ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọ̀gá wọn sì jẹ́ òyìnbó. Ogun Núpé tó dó sí Kàbà gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, wọ́n sì kó lọ kí wọ́n tó dé. Àwọn yẹn wá tẹ̀ síwájú lọ sí Bídà, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọjọ́ 26 sí 27 oṣù kìíní. Ẹṣin àti ọ̀kọ̀ kò lè dúró níwájú ìbọn Maxim. Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n tú ilẹ̀ Okun sílẹ̀.

Bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní Kàbà kò gbà fún mi bẹ́ẹ̀ tán. Ó mú wa lọ wo ọ̀kan nínú àwọn ilé òyìnbó àtijọ́ tó wà lórí ilẹ̀ gíga. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ yí i ká, àwọn fèrèsé rẹ̀ ga kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdajì páànù orí rẹ̀ ti ṣí lọ. Ewúrẹ́ ló ń sùn sí pálọ̀. Lára ògiri kan, mo rí ibi tí àtùpà ti ń fi èéfín kun ún lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó dúdú, ó sì rí bí ewé kókò. Inú mi bàjẹ́ pé wọ́n jẹ́ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wó. Kì í ṣe nítorí ẹni tó kọ́ ọ o. Àwọn baba wa ló ru òkúta rẹ̀.

Lẹ́yìn ilé, bàbá fẹsẹ̀ ti koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọpọ́n omi olókùúta sì hàn, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi kékeré. "Omi ẹṣin nìyí. Àwọn D.O., òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè, ń gun ẹṣin lọ sáwọn abúlé láti gba owó orí. Bàbá mi sọ fún mi pé bí àwọn ará oko bá ti gbọ́ ìró pátákò, wọ́n á tún sá wọgbó, bí wọ́n ti ń sá fún Bídà. D.O. á ní àwọn èèyàn yìí ò lajú. Ẹni tó wà lórí ẹṣin ló yí padà, ọmọ mi. Àwa tó wà nílẹ̀, àwa náà ni."

Mo jókòó sétí ọpọ́n náà pẹ̀lú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kòkòrò ti ṣe ilé sínú ihò rẹ̀, iyanrìn ti kún un dé ìdajì. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn abúlé Bùnú tó ti tú, èyí tí bàbá tirẹ̀ kà fún un: orúkọ tẹ̀lé orúkọ, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un kà, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ti ń ronú pé n óò mú ìwé náà lọ fún bàbá olùtọ́jú ẹṣin ní Lọ́kọ́jà. Bóyá ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí á ta sí i létí.

Lálẹ́, a gba iwájú ààfin Ọbáró kọjá, a sì jẹ iyán ní ọjà. Ẹni tó ta á fún wa kí wa pé "Okun o", ìkíni tó di orúkọ fún gbogbo wa. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí mo ti ń gbọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe kó wa, ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mí lórúkọ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀gbẹ̀. Ìyàrá, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ, Mọ̀pà, Ìsánlú, gbogbo ọ̀nà náà jẹ́ àpáta lọ́tùn-ún lósì, wọ́n dìde gbọnrangandan láti inú ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹwà wọn. Èmi ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ilé. Ẹṣin kò lè gun òkúta tó ń yọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ lọ gbé lókè.

Ọgbà àwọn míṣọ́nnárì ní Ẹ̀gbẹ̀ tutù, igi máńgòrò rẹ̀ ti dàgbà, ilé onípáànù pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbòòrò. Tommy Titcombe ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM dé síbẹ̀ ní 1908. Àwọn ìyá arúgbó ìlú ṣì ń dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn ìbejì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ikú. Titcombe College bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ilé ìwòsàn ní 1952. Ilé ìwòsàn yẹn ni wọ́n ti bí mi. Mi ò rí ipa ẹṣin kankan níbẹ̀, ó sì tù mí lára. Ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn fi wá sí ọgbà yẹn, wọ́n gbé aláìsàn sórí ìbùsùn onígi, wọ́n ń rìn láti ọ̀nà jíjìn.

A padà sùn sí Ìyàrá.

Ọjọ́ Àìkú

A dé Ògìdì nígbà tí àwọn èèyàn ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlú aláṣọ ni ìlú wa. Ibẹ̀ ni Nike Okundaye ti wá, ibi iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Bàbá mi kékeré ti jókòó síwájú ilé tó ń retí wa. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fọwọ́ lé mi lórí, ó ní mo rù. Kí n tó sọ ohun tí mo bá wá, ó ní ẹsẹ̀ òun ò tíì kọ̀, ká gun òkè kí oòrùn tó mú.

Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó bọ́ bàtà, ó sì ń gun àpáta náà níwájú wa, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ibi tí òkúta kò ti yọ̀. Lókè, ó fi ihò ọlọ hàn wá lára àpáta, ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ ọkà. Mo ka mọ́kànlá. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan nínú wọn, inú rẹ̀ dán bí inú àwo tánganran, ó sì jìn dé ọrùn ọwọ́ mi. Ọdún mélòó ni èèyàn á fi lọ ọkà kí òkúta tó jìn tó bẹ́ẹ̀? Ìyá màmá á ti kúnlẹ̀ síbí. Láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo rí gbogbo ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó lọ dé apá ibi tí Kàbà wà, mo rí iná ẹ̀ẹ̀rùn tó ń jó koríko lọ́nà jíjìn, èéfín rẹ̀ dìde tààrà. Bí ẹlẹ́ṣin bá ń bọ̀ ní ilẹ̀ yẹn, ẹni tó ń lọ ọkà á ti rí eruku wọn kó tó lọ ọkà tán.

Bàbá kékeré ní wọ́n sọ fún òun pé kì í ṣe àwọn ọkùnrin ló ń ṣọ́nà nígbà yẹn. Àwọn tó ń lọ ọkà ló ń ṣọ́nà. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí.

A sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun àga, ó na ọwọ́ sáàárín igi àjà, eruku dà lé gbogbo wa lórí. Àkísà náà gbó débi pé ó ya lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé irin náà lé ẹní.

Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, apá kan rẹ̀ ti ṣẹ́. Síbẹ̀, irin gbọọrọ náà nìyẹn. Ahọ́n tó kọjú sókè nìyẹn, ṣóńṣó rẹ̀ ti di kúmúkúmú. Òrùka náà rọ̀ mọ́ ọn síbẹ̀, ó sì ṣì ń yí díẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó ń dún. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ìjánu ni."

Bàbá kékeré tẹjú mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ilé ti kó jọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹṣin funfun ti Lọ́kọ́jà àti àpá tó wà lórí ahọ́n rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ bàbá tí ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Bùnú, mo fa ìwé tí mo kọ orúkọ àwọn abúlé sí jáde. Ó gba ìwé náà, ó ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dúró lórí orúkọ méjì, ó fi èékánná fa ìlà sábẹ́ wọn. Ó ní àwọn ìyẹn ní àna nílé wa.

Lẹ́yìn náà ló tún wo irin náà. "Ẹnu ẹṣin ni gbogbo eléyìí ń wọ̀?"

Mo na ọwọ́ òsì mi síwájú rẹ̀, àtàǹpàkò nísàlẹ̀, ìka mẹ́rin lókè. Ó gbé irin náà sí i, ó wúwo, ó sì tutù. Mo ní kí ó fà á díẹ̀. Ó fà á, díẹ̀díẹ̀, títí ahọ́n irin náà fi gbéra tó sì kan ìka mi.